Bọ́ọ̀sì Òfìfo Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi

Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan wà ní Scarborough, ní apá ìlà-oòrùn Toronto. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ibẹ̀ kí àrùn Kòrónà tó bẹ̀rẹ̀ yóò ti rí Bọ́ládé Ṣíwọlá, bí kò tilẹ̀ rántí ojú rẹ̀ mọ́. Òun ló máa ń wa bọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n fi ń kó àwọn àgbàlagbà tí kò ní mọ́tò. Á já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á di ọwọ́ wọn mú lórí yìnyín títí wọn yóò fi wọlé, á wá padà lọ wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí. Kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó, ìwàásù á ti bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ń múra àdúrà ìkẹyìn, á ti jáde lọ mú ọkọ̀ gbóná dè wọ́n.

Èèyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa ní, "Brother Bọ́ládé ò ní wàhálà kankan láyé tiẹ̀." Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, Ọlárónkẹ́, àti Oyinkán, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó ń bọ̀ ní Kánádà, èrò ọkàn rẹ̀ ni pé bí ọdún kan bá yí po, wọn yóò tẹ̀lé òun. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ó di mẹ́fà, ìwé àṣẹ wọn kò jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ wíwà náà ló ń ṣe jẹun. Òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú gbà á kó máa kó àlejò láti ìdí bàálù. Lójoojúmọ́ ló ń rí àwọn tó wá pàdé ẹbí wọn, tí wọ́n dì mọ́ra, tí omijé ayọ̀ ń dà lójú wọn. Òun á gbé àpótí wọn sẹ́yìn ọkọ̀, á ní, "Welcome, welcome," á sì yíjú sí ọ̀nà.

Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bàálù kò bà mọ́, òtẹ́ẹ̀lì ní kó máa lọ sílé ná, àwọn yóò pè é. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀kùn, Pásítọ̀ ní orí fóònù ni kí kálukú ti máa gbọ́ ìwàásù. Ó di kónílé-ó-gbélé.

Ilé tí Bọ́ládé fẹ́ gbé náà kì í ṣe ilé kan bí alárà. Yàrá abẹ́ ilé ni, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní basement. Ọkùnrin ará Pakistan kan tó ń jẹ́ Rayyan ló ni ilé, òun àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé òkè. Fèrèsé tóóró kan wà lókè ògiri yàrá Bọ́ládé. Táyà mọ́tò àti bàtà àwọn tó ń kọjá ni èèyàn máa ń rí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà ní orí àtẹ̀gùn tó já sí kíṣínì òkè, tí wọn kì í sábà tì. Àwọn ọmọ a máa gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a ṣeré, ìyàwó Rayyan náà a máa gbé abọ́ ìrẹsì lé àtẹ̀gùn, á kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á padà.

Lọ́jọ́ kejì tí ìjọba kéde, Rayyan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ mọ̀ pé ara ìyá mi ò yá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń bọ̀. Mo máa ní láti ti ilẹ̀kùn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀," ni Bọ́ládé dá a lóhùn. "Ẹ tì í dáadáa. Ìyá ló ṣe pàtàkì."

Kò sì parọ́, inú rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ti ìdábùú irin bọ ilẹ̀kùn náà, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Láti ìgbà náà ló ti ń fi etí gbé pẹ̀lú àwọn tó wà lókè. Ó mọ ẹsẹ̀ Rayyan, ó mọ ti ìyàwó rẹ̀, ó mọ ti ìyá arúgbó tó ń wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ wọn dé, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwo lójú ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ ń sáré, tí gbogbo ilé á dákẹ́, tí ẹ̀rín á wá bú jáde. Nígbà mìíràn, òun náà á bu oúnjẹ tirẹ̀ lásìkò yẹn, á jẹ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rín wọn.

Ó ń pe Abẹ́òkúta lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, Oyinkán ló gbé fóònù. Ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ní kékeré ti ń múra ìdánwò yunifásítì.

"Daddy, ẹ káàsán, sà. Ṣé dáadáa ni?"

"Mo wà pa. Ìwé ńkọ́?"

"Ó ń lọ, sà. Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀, mo gbé nǹkan sórí iná."

Ó gbé fóònù kalẹ̀, kò sì padà wá. Ó ti gbàgbé. Bọ́ládé kò gé ìpè náà. Ó gbọ́ fáànù tó ń yí. Ó gbọ́ tí Ọlárónkẹ́ wọlé, tó ń bèèrè ta ló jẹ ẹran inú abọ́ aláwọ̀ ewé, tí ọmọ ń ṣàwáwí, tí àwọn méjèèjì wá rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ tí aládùúgbò kan kí wọn láti ìta. Ó fẹ́ pariwo pé, "Ẹ ò rántí pé mo wà níbí ni?" ṣùgbọ́n bó bá pariwo, wọn yóò dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró, wọn yóò wá máa kí i bí àlejò. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi fóònù lé etí, ó ń tẹ́tí sí ilé ara rẹ̀ títí fóònù ọ̀hún fi kú.

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wà níwájú ilé ní gbogbo àsìkò yìí, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e sí mọ́jú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ pè é pé, "Brother Bọ́ládé, ẹ bá wa máa sítáàtì bọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, kí bátìrì má baà kú."

Ọjọ́ Ìsinmi ló yàn fún un. Kò sí ẹni tó ní kó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ó wọ̀ ọ́: kafutáánì aláwọ̀ eérú, fìlà, jákẹ́ẹ̀tì òtútù lórí rẹ̀. Ó ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì, ó sítáàtì ọkọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀. Bátìrì kì í kún bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí òun kàn rìn dé orí títì ńlá. Ó dé orí títì ńlá, kò ṣẹ́rí padà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó máa fi mọ̀, ó ti wà níwájú ilé gíga kan tí ìjọba kọ́ fún àwọn àgbàlagbà, níbi tó ti máa ń kọ́kọ́ dúró lọ́jọ́ Ìsinmi.

Màmá Ìdẹ̀ra ló ń gbé ibẹ̀, ní àjà kẹfà. Opó ni wọ́n. Ìdẹ̀raolúwa ọmọ wọn ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Calgary, tí èèyàn gbọ́dọ̀ wọ bàálù kó tó dé. Bọ́ládé kò tíì pa ọkọ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Bọ́ládé, ṣé ìwọ ni mò ń wò nísàlẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Rárá o, Mà. Bátìrì ọkọ̀ ni mo ní kí n gbé rìn díẹ̀."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Má tíì lọ. Dúró dè mí."

Bọ́ládé rò pé wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó wá ìbòmú rẹ̀ jáde, ó ń ro ohun tí yóò sọ tí kò fi ní bí wọn nínú. Ó dúró, ó dúró, kò rí ẹnìkan. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ilẹ̀kùn bákónì wọn ṣí. Màmá jáde síta nínú òtútù, wọ́n wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ àlùkò, wọ́n wé gèlè, wọ́n fi báàgì kọ́ apá. Wọ́n di irin bákónì mú, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀.

Bọ́ládé bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré tútù yẹn. Ẹnìkan tó ń fa ajá rẹ̀ lọ dúró wò ó. Màmá na ọwọ́ sókè, wọ́n ń súre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n tún pè é lórí fóònù.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ tí mo bá wọ̀ sùn náà ni mò ń wọ̀ jí. Ta ni mo fẹ́ wọṣọ fún?"

"Ẹ rẹwà gan-an, Mà."

"Purọ́ fún mi o," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ Michelle?"

"Mi ò tíì débẹ̀, Mà. Mi ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn..."

"Ní in lọ́kàn báyìí. Òun náà ò lẹ́nìkan. Lẹ́yìn náà, gba Ajax lọ, kí o bá mi wo Bàbá Ọlárìndé. Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n jẹun."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Michelle jẹ́ obìnrin ará Jàmáíkà tó fẹ́ ọmọ Iléṣà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àmọ́ kò fi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá sílẹ̀. "Ìyàwó wa" ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ilé kékeré kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kennedy ló ń gbé. Nígbà tó rí bọ́ọ̀sì náà, ó dúró sẹ́yìn gíláàsì ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀," tí ohùn gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bọ́ládé ń sọ̀rọ̀ àwàdà, ó ń fọwọ́ ṣe bí ẹni ń pe èrò ọkọ̀, títí obìnrin náà fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ọ̀nà ńlá 401. Ọ̀nà tí mọ́tò máa ń dí pa bí eéṣú, ó wà gbalaja, òun nìkan àti tírélà kan lókèèrè. Ìjókòó tó ṣófo ń dún wọ́kọwọ̀kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí àwọn èrò bá wà níbẹ̀, kì í gbọ́ irú ariwo yẹn. Ẹnìkan á máa dárin, ẹnìkan á máa ráhùn orókún. Ó ń wo dígí ọkọ̀ bíi pé ẹnìkan á sọ̀rọ̀.

Bàbá Ọlárìndé ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn, Adékànmí, ní Ajax, ìlú kan nítòsí Scarborough, nínú ilé ńlá tó ní gáréèjì níwájú. Akọ̀wé bánkì ni wọ́n nígbà tí wọ́n wà ní Ìbàdàn. Wọn kì í sì í wọ bàtà tí kò bá dán. Àwọn ọmọ Adékànmí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, bí bàbá bá bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, bàbá á sì dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró lókèèrè.

"Kí ni wọ́n ń wí ní ìlú?" ni wọ́n bèèrè, bíi pé ilẹ̀ òkèèrè ni Scarborough.

"Màmá Ìdẹ̀ra ní kí ẹ jẹun, sà."

"Sọ fún un pé kó fi ara rẹ̀ sí àlàáfíà. Mò ń jẹun." Wọ́n wò yíká àdúgbò náà, kò sí ẹsẹ̀ ẹnìkan. "Bọ́ládé, ní ilé yìí, wọ́n ń tọ́jú mi o. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pa mí lẹ́rìn-ín."

Bọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Michelle ṣe búrẹ́dì, ó gbé e sórí àga níta, ó ní kó gbé e fún Màmá. Bọ́ládé gbé e fún ẹ̀ṣọ́ ilé gíga náà, ẹ̀ṣọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Màmá náà din àkàrà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ajax. Láti Ajax, Bàbá kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sára páálí, pẹ̀lú ìkọ̀wé bánkì wọn yẹn, wọ́n gbé e sókè kí Bọ́ládé fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn obìnrin méjèèjì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi oúnjẹ ti Bọ́ládé náà sílẹ̀ fún un, nínú ike. Ó ń gbé oúnjẹ ilé mẹ́ta kiri, nígbà tó bá sì délé, á tẹ́ ẹ kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀, á jẹ ẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Wọn kò mọ̀ pé bó bá kúrò ní Ajax, kì í fẹ́ padà sílé. Ó máa ń gba ẹ̀bá adágún Ontario lọ, á pa ọkọ̀, á máa wo omi. Omi ọ̀hún fẹ̀ bí òkun, kò sì ní òórùn òkun. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tó ti ń rín láti òwúrọ̀ máa ń ti ojú rẹ̀ kúrò. Kì í sunkún. Ó kàn máa ń jókòó ni, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Nígbà ìwọ́wé, tí iye àwọn tó ń kó àrùn náà tún ń pọ̀ sí i, Adékànmí jáde bá a lójú títì. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ojú rẹ̀ le lọ́jọ́ yẹn.

"Brother Bọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí á fi òpin sí i. Ẹ ń dé ibí, ẹ ń dé ọ̀hún, ẹ ń gbé abọ́ ilé kan lọ sí ilé kejì. Ẹ̀dọ̀fóró Daddy ò dáa. Bó bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa bi."

"Mo máa ń fọ ọwọ́, mi ò sì..."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ibi lọ́kàn. Ẹ má kó nǹkan wá mọ́. Ẹ má sì wá."

Bọ́ládé ní, "Ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ." Ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ yẹn. Ó dé ẹ̀bá adágún lọ́jọ́ yẹn, kò pa iná ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òótọ́ ni Adékànmí sọ, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ì bá bínú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó ní òun kò ní dé Ajax mọ́. Màmá bi í lórí fóònù pé, "Wọ́n ní kí o má gbé abọ́ lọ. Títì náà, ṣé tiwọn ni?" Ó lọ. Ó pa ọkọ̀ sí òdìkejì títì, kò bọ́ sílẹ̀, kò fun fèrè. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ilẹ̀kùn gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró. Kò ga ju orúnkún èèyàn lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, Bọ́ládé rí ẹsẹ̀ àga kan, ó rí etí ṣòkòtò aṣọ òkè, ó rí bàtà dúdú méjì tó ń dán gbinrin. Bàtà ọ̀tún gbéra nílẹ̀, ó fi ẹnu kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń kí èèyàn. Bọ́ládé tan iná iwájú ọkọ̀, ó pa á, ó tún tàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn jálẹ̀ ìgbà òtútù yẹn. Yìnyín bo títì, Bọ́ládé á dé, gáréèjì á ṣí dé orúnkún, bàtà á wà níbẹ̀. Kò rí ojú Bàbá mọ́.

Nínú oṣù Kìn-ín-ní, Màmá Ìdẹ̀ra ló pè é láàárọ̀ kan. Ohùn wọn ti yí padà. "Bàbá Ọlárìndé ti lọ," ni wọ́n wí. Kì í ṣe Kòrónà. Ọkàn wọn ló dákẹ́ nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ní ẹnìkan ṣoṣo ló lè wọlé tọ̀ wọ́n.

Ènìyàn mẹ́wàá péré ni ìjọba gbà láàyè níbi ìsìnkú. Ẹbí nìkan ti pé bẹ́ẹ̀. Bọ́ládé gbé bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, ó pa á sẹ́yìn ọgbà ìtẹ́ òkú, lójú títì. Láti ibẹ̀, ó rí wọn bí ẹni tó ń wo kòkòrò dúdú lórí aṣọ funfun, wọ́n dúró lọ́nà jíjìn sí ara wọn. Ó gbé fóònù lé orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá àti Michelle jọ wà lórí ìpè náà.

"Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?" ni Màmá ń bèèrè.

"Pásítọ̀ ń gbàdúrà, Mà. Wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀."

"Ta ló dúró ti Adékànmí?"

"Òun nìkan ló dúró, Mà. Ìyàwó rẹ̀ di àwọn ọmọ mú."

Màmá bẹ̀rẹ̀ àdúrà tiwọn, Michelle ń ṣe àmín pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ tó ń ṣì í sọ. Ohùn àwọn méjèèjì ń kún inú bọ́ọ̀sì náà láti inú fóònù kékeré yẹn. Bọ́ládé kò lè ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n parí, Adékànmí rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bọ́ládé sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú."

"Ẹ ṣé." Adékànmí dúró, yìnyín ń já bọ́ sí èjìká rẹ̀. "Láti Sátidé ni Daddy ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kun bàtà. Bí ìjọ́sìn orí fóònù bá ń lọ, wọn ò ní wò ó, ojú títì ni wọ́n ń wò."

"Mò ń rí bàtà wọn. Mo máa ń rò ó pé ó rẹ̀ wọ́n láti ṣí ilẹ̀kùn yẹn gan-an."

"Kì í ṣe Daddy ló ń ṣí i. Bọ́tìnì rẹ̀ ga jù fún wọn. Èmi ni." Ó wo ilẹ̀. "Ibi tí mo lè ṣí i dé náà nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Adékànmí na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bíi pé ó fẹ́ ṣí i, kó wọlé jókòó. Ó rántí ibi tí ayé wà, ó fà á padà. Ó juwọ́, ó padà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, Ìdẹ̀raolúwa wá láti Calgary wá mú ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò tún lè fi wọ́n sílẹ̀ fún irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́. Bọ́ládé lọ kí wọn ó dàbọ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú ilé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì yóò fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo ti gbàgbé pé o ga tó báyìí," ni wọ́n wí. "Láti òkè, bí ìka mi báyìí ni mo máa ń rí ẹ." Wọ́n di apá rẹ̀ mú. "Bọ́ládé, o ti ń bẹ gbogbo wa wò. Ta ló ń bẹ ìwọ wò?"

"Mo wà pa, Mà."

Wọ́n wò ó lọ títí, wọ́n mi orí, àmọ́ mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sí pápákọ̀ ti dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì ṣí padà, àmọ́ kò kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti mọ́ ọn lára láti máa wo ìwàásù lórí bẹ́ẹ̀dì. Michelle rí ìjọ kan tó lè fẹsẹ̀ rìn dé, ó ń pe Bọ́ládé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìpè náà sì ń jìnnà síra wọn. Àwọn alàgbà ní kò sí ìdí tí bọ́ọ̀sì fi yẹ kó wà mọ́, wọ́n tà á. Òtẹ́ẹ̀lì pe Bọ́ládé padà. Rayyan fa ìdábùú irin kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn orí àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gba ibí padà." Bọ́ládé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló sì ń gbà títí tó fi kó jáde.

Ìwé àṣẹ jáde ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ọlárónkẹ́ àti Oyinkán bọ́ láti inú bàálù pẹ̀lú àpótí ńláńlá. Oyinkán ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kí àlejò pàtàkì, ó dìde, kò mọ̀ bóyá kí òun dì mọ́ ọn. Bọ́ládé gbé àpótí wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n háyà ilé kan tó ní fèrèsé tó fẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọn yóò ṣe jọ máa gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọlárónkẹ́ ń ṣan àwo, Bọ́ládé ń nù ún.

"Bàbá Oyin," ni Ọlárónkẹ́ wí, "lọ́dún Kòrónà yẹn, kí lẹ ń ṣe gan-an? Ìgbàkígbà tá a bá pè, ẹ máa ní ẹ wà pa."

"Mò ń wa bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kiri."

"Ṣebí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa?"

"Wọ́n tì í."

"Ta wá lẹ ń gbé?"

"Mi ò gbé ẹnikẹ́ni."

Ọlárónkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yíjú wò ó, ẹ̀rín náà kò sì jáde. Ó pa omi, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó fa àga méjì síta lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ jókòó. Ẹ sọ fún mi."

Bọ́ládé jókòó, aṣọ ìnuwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí a sin Bàbá Ọlárìndé..."

"Bàbá Ọlárìndé wo nìyẹn?"

Ó rántí pé Ọlárónkẹ́ kò mọ Bàbá, kò mọ Màmá, kò mọ Michelle. Nínú gbogbo àwọn tó mọ ọdún yẹn pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ìyàwó rẹ̀ rí rí. Ó gbé aṣọ ìnuwo kalẹ̀.

"Bàbá kan ni, ní Ajax," ló wí. "Wọ́n fẹ́ràn bàtà."